Ọjọ́ Tí Mo Pe Orúkọ Àbúrò Ọkọ Mi

Nígbà tí àwọn sójà ti gbé ìjọba fún alágbádá, tí ìbò kejì sì ń bọ̀, ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Ìyàwó kékeré ni mí nígbà náà, mo ń fún Lukúmánù ọmọ mi lọ́mú. Kàmórù, ọmọ Lukúmánù, ló ń bá mi kọ èyí, torí n kò mọ ìwé. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń ya àwòrán èsì ìbò ní ibùdó ìdìbò, tí wọ́n ń gbé e sórí fóònù kí gbogbo ayé lè rí i. Ó bi mí pé kí la ní nígbà tiwa. Mo ní ògiri la ní.

Àwọn akọ̀wé tó ń kọ orúkọ olùdìbò wọ agbo ilé wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Gbogbo ọkùnrin ti lọ sóko, àwa ìyàwó nìkan la jókòó tí à ń bó ẹ̀gẹ́. Akọ̀wé kan ní kí a máa dárúkọ àwọn tó ń gbé inú ilé. A wo ara wa. Ìyàwó wo ló máa la ẹnu pe orúkọ àbúrò ọkọ rẹ̀ tó bá nílé? Orúkọ tí àwa fúnra wa fi ń pọ́n wọn la mọ̀ ọ́n pè. Àbúrò ọkọ mi ga, aṣọ sì máa ń yẹ ẹ́, nítorí náà mo ní, "Agùntáṣọọ́lò." Ìyàwó tó tẹ̀lé mi ní, "Eyínfúnjowó." Ẹlòmíràn ní, "Awẹ́lẹ́wà."

Ọmọ Yorùbá ni akọ̀wé yẹn. Inú agbo ilé bíi tiwa ni wọ́n bí i sí. Ó mọ̀ dájú pé kò sí bàbá tó sọ ọmọ rẹ̀ ní Eyínfúnjowó. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ni mi ò gbàgbé.

Nígbà tí àwọn ọkùnrin ti oko dé, àwọn náà lọ bá àwọn akọ̀wé níwájú kóòtù, wọ́n fi orúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n gba káàdì. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kan ṣe di ẹni méjì nínú ìwé. Káàdì ti Agùntáṣọọ́lò, a ò fojú kàn án. Àwọn kan ti mú un pa mọ́ de ọjọ́ ìbò, kí wọ́n lè fi í dìbò.

Nígbà tí ó yá, wọ́n lẹ ìwé orúkọ náà mọ́ ògiri kóòtù, kí ará ìlú lè yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹni tó bá rí àṣìṣe wá sọ. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló lè kà á? Tíṣà Adéoyè, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé onígbàgbọ́, ní bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò yàtọ̀ sí pé wọ́n gbé e pa mọ́. Ó lọ yá ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní mọ́sáláṣí, àlùfáà sì fún un. Lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, ó dúró níwájú ògiri, ó ń kà á sókè.

Ẹ̀rín la kọ́kọ́ rín. Orúkọ tí a fi ń ṣàwàdà ní ìdí ààrò ló ń dún láti inú ẹ̀rọ mọ́sáláṣí! Nígbà tí Tíṣà pe Agùntáṣọọ́lò, àwọn obìnrin gbá mi léjìká, wọ́n ní, "Ìyá Lukúmánù, ọkọ ẹ ti di olóyè." Ó ka òmíràn, ó tún ka òmíràn. Agbo ilé tó tẹ̀lé tiwa, bákan náà. Èyí tó tún tẹ̀lé e, bákan náà. Ẹ̀rín ń tán lẹ́nu wa díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ó fi parí, a ti ń fi ìka ka iye irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Òjò ṣú lápá Ìgbòho, kò rọ̀, ó kàn dúró síbẹ̀.

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ Píjò kan tí kò ní nọ́ńbà fi wọ ìlú. Àwọn ọmọkùnrin inú rẹ̀ ò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ kí àwọn àgbà, wọ́n sì ń béèrè ahéré tábà láti ojúlé dé ojúlé, ibi tí a máa ń so ewé tábà rọ̀ sí kí ooru iná lè gbẹ ẹ́. Ahéré ta nìyí? Ta ló ni tọ̀hún? Ọ̀kan nínú wọn sọ fún ọkọ mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń gbani nímọ̀ràn, pé, "Ẹ má lọ ta ko ìwé orúkọ o, bọ̀dá. Tábà máa ń tètè gbiná." Àwọn ọkùnrin kó lọ sóko láti máa ṣọ́ ahéré wọn. Àwa ìyàwó ló kù.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gbọ́ àtakò, ọ̀gá àwọn eléètò ìdìbò jókòó síwájú kóòtù. Tíṣà fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀gá náà ní rárá, ẹni tó fi orúkọ sílẹ̀ ni kó wá gbà á padà. Mo dìde.

"Ta ni Agùntáṣọọ́lò?"

"Àbúrò ọkọ mi ni, sà. Ó ti gba káàdì tirẹ̀ lọ́tọ̀."

"Orúkọ wo ló fi gbà á?"

"Ẹni tó tẹ̀lé ọkọ mi ni, sà."

Ó wo ìwé rẹ̀. "Ìyẹn ò sí níbí."

Àwọn ọmọ inú Píjò wà lábẹ́ igi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Ìyàwó rere, má pè é o. Ilé ọkọ dùn."

Ìyá ọkọ mi wà lẹ́yìn mi, ó fi ọ̀pá tilẹ̀. Ó ní, "Pè é. Èmi tí mo bí i ni mo ní kí o pè é."

Mo kúnlẹ̀ fún un. Mo dìde. Mo ní, "Mùdáṣírù ni."

Ọ̀gá náà fa ìlà lé Agùntáṣọọ́lò. Ni àwọn ìyàwó yòókù bá ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń pe orúkọ tí ẹnu wọn ò pè rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti délé ọkọ. Àwọn tó wà lábẹ́ igi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo rí ọ̀kan tí ẹnu rẹ̀ ń mì, bí ọmọ iléèwé tó ń há nǹkan sórí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì parí tí a fi rí èéfín lóko, lọ́sàn-án gangan. Ahéré Mùdáṣírù ni. Ó wọlé lọ fa ewé jáde, òrùlé já lé e. Kò kú. Ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ rẹ̀ kákò, kò lè di ọkọ́ mú mọ́.

Lọ́jọ́ ìbò, kò sí Agùntáṣọọ́lò kankan tó wá dìbò ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Ojú wa ni wọ́n ṣe ka ìbò náà, Tíṣà sì fi ẹ̀rọ mọ́sáláṣí kéde iye rẹ̀, gbogbo wa gbọ́. Nígbà tí rédíò máa kéde èsì, iye mìíràn ló pè fún wa. Ọyẹ́ ọdún náà ò tíì lọ tí sójà tún fi padà dé. Ohun tí a rí jẹ níbẹ̀ kò ju pé kò sí ẹni tó lè sọ fún wa pé a ò gbọ́ ohun tí a gbọ́.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé oúnjẹ lọ fún Mùdáṣírù lẹ́yìn iná yẹn, mo kí i ní Agùntáṣọọ́lò bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó ní, "Wọ́n ti fa ìlà lé ìyẹn. Èyí tí o pè níwájú wọn ni kí o máa pè." Títí ó fi kú, èmi nìkan ni ìyàwó tó ń pe orúkọ rẹ̀ lágbo ilé wa.

Lánàá, Kàmórù fi fóònù rẹ̀ hàn mí. Ìka kan ló fi ń ṣí èsì ìlú kan lé òmíràn. Inú mi dùn. Mo bi í pé ta ló tún ń wò ó yàtọ̀ sí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó tún ṣí ti ìlú mìíràn. Mo wá ní kó bá mi wá orúkọ kan ṣoṣo tó kù, orúkọ ẹni tó tiná bọ ahéré yẹn. Ó wá a títí. Kò sí níbẹ̀.