Bàálù Tó Gbéra ní Ìlàjẹ

Ní gbogbo àdúgbò Bajulaiye, kò sí ẹni tó mú èèyàn wọ bàálù tó Ọláwuyì onífọ́tò. Aṣọ ńlá kan ló so mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí wọ́n ya bàálù sí: ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, àkàsọ̀ rẹ̀ dé ilẹ̀. Bí ọdún bá dé, yálà Iléyá tàbí Kérésì, àwọn èèyàn á wọ aṣọ tó dáa jù, wọ́n á dúró síwájú àkàsọ̀ náà, wọ́n á juwọ́ bí ẹni tó ń dágbére fún ìṣẹ́. Ọláwuyì á ní, "Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ìlú òyìnbó lẹ ń lọ, kì í ṣe ilé ẹjọ́."

Fóònù ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Nígbà tí oníkálukú di onífọ́tò ara rẹ̀, ó ku àwọn tó fẹ́ fọ́tò pásípọ́ọ̀tù nìkan. Nígbà tó yá, àwọn ọ́fíìsì pásípọ́ọ̀tù náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ tiwọn yà á. Ọláwuyì wá ń jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́, ó ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àwọn aládùúgbò. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Munirat ìyàwó rẹ̀ wò ó títí, ó ní: "Bàbá Tófúnmi, bàálù tí kì í gbéra, ilé aláǹtakùn ni. Ẹ kúkú gbé e lọ síbi tí èèyàn wà."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó ká aṣọ náà bí ẹní, ó gbé e lé èjìká, ó forí lé Ìlàjẹ ní Bàríga, létí ọ̀sà.

Ẹni tó kọ́kọ́ dá a lóhùn ni Sabina, ìyá Wonder, tó ń yan ẹja. Ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ wà ní Ítálì, fọ́tò ló sì ń fi ránṣẹ́ ṣáá: lónìí etí òkun, lọ́la orí òkè.

"Ẹ ya fọ́tò mi níwájú bàálù," Sabina wí, "kó lè mọ̀ pé èmi náà lẹ́sẹ̀."

Ó lọ wọ léèsì, ó wé gèlè, ó gbé báàgì pupa dání. Ṣùgbọ́n kò sí àyè. Ilé fara ti ilé, èéfín ẹja sì gba gbogbo ibi tó kù. Raphael ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ apẹja, wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní: "Ẹ gbé e sínú ọkọ̀ mi. Ibẹ̀ nìkan ló fẹ̀."

Wọ́n fìdí ọparun méjì múlẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi náà, wọ́n ta aṣọ sí i, wọ́n fà á le. Sabina dúró síwájú àkàsọ̀. Ọláwuyì lọ sí ìdí ọkọ̀ lọ́hùn-ún, kí gbogbo bàálù lè wọ fọ́tò. Ó ṣì ń sọ pé, "Ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀," ni afẹ́fẹ́ ọ̀sà bá dé. Aṣọ wú bí ikùn aboyún, okùn ọkọ̀ tú lára òpó èbúté, ọkọ̀ sì gbéra.

"Ẹ ká aṣọ yẹn!" Raphael kígbe láti èbúté. "Ẹ ká a!"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ ká a?" Ọláwuyì kígbe padà. "Ìyàwó yín ti wà lẹ́nu ọ̀nà!"

Sabina, ọmọ tí wọ́n bí sórí omi, kò tilẹ̀ mì. Ó fọwọ́ kan di ọparun mú. "Ẹ yà mí báyìí, bàbá. Ó ń lọ dáadáa." Ọláwuyì, tí kò mọ̀ọ́ wẹ̀, kúnlẹ̀ sínú omi ẹja, ó ń ya fọ́tò, ó ń gbàdúrà.

Apẹja kan tó ń fa àwọ̀n gbójú sókè. "Ìyá Wonder, ibo lẹ forí lé?"

"Ítálì!"

"Ẹ bá wa kí wọn o!"

Lórí afárá gígùn tó gba orí ọ̀sà kọjá, àwọn èèyàn ń na fóònù síta ojú fèrèsé mọ́tò, wọ́n ń ya bàálù tó gbé èrò kan ṣoṣo kọjá lójú omi.

Ẹ̀bá Òwòrò ni wọ́n gúnlẹ̀ sí, láàárín àwọn tó ń wa yanrìn. Sùrájù, alága wọn, jáde láti inú omi, yanrìn dé irùngbọ̀n rẹ̀.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ balẹ̀ síbí?"

"Ẹ má bínú, afẹ́fẹ́ ló gbé wa wá," Ọláwuyì wí.

"Láti ibo?"

"Bàríga."

"Bàríga tó wà níbí yìí? Ta ní ń wọ bàálù láti Bàríga wá sí Òwòrò?"

Inú bí Sabina. "Ṣé dandan ni kí gbogbo èèyàn lọ jìnnà ni?"

Alága wo bàálù náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní àfi kí wọ́n ya òun náà kí wọ́n tó lọ. Ọláwuyì ní kó lọ wẹ̀, kó pààrọ̀ aṣọ. Ó kọ̀.

"Bí mo ṣe rí yìí ni kẹ́ ẹ yà mí. Ẹ̀rọ tó ń fa yanrìn ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ará òdìkejì. Tó bá dé ọ̀dọ̀ wa, ta ló máa gbà pé agbọ̀n la fi ń wà á?"

Ló bá gbé agbọ̀n lórí, ó dúró síwájú àkàsọ̀. Àwọn yòókù tò sẹ́yìn rẹ̀, omi ń kán lára wọn, bí èrò tí bàálù ń dúró dè. Ọ̀kan bèèrè bóyá òun lè gbé yanrìn dání. Sùrájù ní rárá, ẹrù náà ti pọ̀ jù. Nígbà tí Raphael fi ọkọ̀ àyálò lé wọn bá, tó ń mí hẹlẹ, wọ́n ní kó lọ tò sẹ́yìn.

Fọ́tò Sabina dé Ítálì. Obìnrin náà pè lórí fóònù lójú ẹsẹ̀: "Bàálù ta nìyẹn, tómi wà lábẹ́ rẹ̀?" Sabina ní, "Ti Raphael ni."

Ṣùgbọ́n fọ́tò àwọn oníyanrìn ló rìn jù. Láti Abúlé Òkúta, Dọlápọ̀ aránṣọ ránṣẹ́ pe Ọláwuyì, ó sì gbé máṣíìnì ọlọ́wọ́ tí kò lò mọ́ dúró síwájú bàálù. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, kálukú pẹ̀lú irinṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Munirat fi àǹkárá lẹ ibi tí afẹ́fẹ́ ti fa apá bàálù ya.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Múrítàlá ni ó kàn. Iṣẹ́ títo lẹ́tà ìtẹ̀wé ló ṣe títí kọ̀ǹpútà fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Omi inú ọ̀rá ló ń tà báyìí. Ó gbé àpótí lẹ́tà onírin rẹ̀ wá, ó gbé e lé orí.

"Ẹ̀yin lẹ ń gbé e rìnrìn-àjò ni?" Ọláwuyì bi í.

"Rárá o. Òun ló ń lọ, mo kàn sìn ín dé ẹnu ọ̀nà ni."

Ọláwuyì ya fọ́tò náà láì sọ pé kó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló gbé kámẹ́rà sílẹ̀, ó bá a sọ àpótí kalẹ̀, nítorí ó wúwo.