Ọkọ Mi Kì Í Mumi Lórí Kireeni

Baba Òkè ni wọ́n ń pe ọkọ mi níbi iṣẹ́, torí òun ló ń wa kireeni tó ń gbé irin lọ sókè ilé gogoro tí wọ́n ń kọ́ lọ́ọ̀ọ́kán ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń dirun. Àwọn tó ń wa kireeni kì í mumi. Àkàbà gùn, ta ló fẹ́ máa sọ̀ kalẹ̀ torí ìtọ̀? Bí wọ́n bá ti fi omi yọ ẹnu láàárọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́.

Ìgbẹ́ yíyà wá di ogun fún ọkọ mi. Ẹ̀rù bà mí gidi, torí ikùn ló pa baba rẹ̀. Kireeni ni baba náà wà; bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀, kò sì sọ fún ẹnì kankan títí ẹ̀pa kò fi bóró mọ́.

Mo wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ obìnrin apòògùn. Ó fún un ní lẹ́búlẹ́bú kan tí wọ́n fi irúgbìn ṣe.

"Ṣíbí kékeré kan, sà," ló wí, "kẹ́ ẹ mumi dáadáa lé e. Omi ló ń mú un wú, tó fi ń rọ ìgbẹ́. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ìfun wa náà á jẹ nínú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ wa ni wọ́n, àmọ́ bí wọ́n bá ń jẹun, afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń tú. Ẹ rọra bẹ̀rẹ̀."

Ọkọ mi kọ etí ikún sí i. Ṣíbí ìbọbẹ̀ ló fi bù ú, ó fi omi ẹnu kan lé e, ó gòkè lọ. Ọlọ́gbọ́n ayé!

Nírọ̀lẹ́, ikùn rẹ̀ wú, ó le kankan. Ó kọjú sógiri.

"Ìyá wọn, ó ti dé. Ohun tó pa baba mi ni."

Àyà mi já. Mo pe apòògùn lórí fóònù. Ó béèrè bóyá ọkọ mi ń bì, bóyá afẹ́fẹ́ ń jáde.

"Ó ń jáde o! Inú ilé ò ṣe é jókòó!"

Ó ní kó dá lẹ́búlẹ́bú náà dúró ná, kó máa mumi, ká sì lọ rí dókítà láàárọ̀. Dókítà tẹ ikùn rẹ̀, kò rí kókó. Ó ní kó padà sí ṣíbí kékeré àti omi púpọ̀. Bí kò bá yí padà, àwọn á wo inú ìfun rẹ̀.

Mo fi ìgò omi ńlá sínú báàgì rẹ̀. Ṣé ó máa mu ún? Mo ń dirun oníbàárà, ojú mi wà lókè. Lọ́sàn-án gangan, kireeni dúró. Kò mira mọ́.

Òòyà bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo sáré sọdá títì, mo ń ké, "Mo gbé o!" Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí lórí àkàbà, ó ń sọ̀ kalẹ̀ kíákíá.

"Bàbá wọn, kí ló ṣe yín?"

"Yàgò fún mi jàre, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí!"

Fọ́máànù ń pariwo pé ta ló dá iṣẹ́ dúró.

"Ẹ jẹ́ kó tọ̀, ọ̀gá!" ni mo wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó tọ̀ dáadáa!"

Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, mo bú sẹ́kún.