Àpáta Tí Sualin Kò Gùn fún Ọdún Mọ́kànlélọ́gbọ̀n

Ní Nolumus, abúlé wa, kò sí ẹni tí ó mọ àtẹ̀gùn òkè Nabalu tó Sualin. Èmi Jiloi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, èmi tí a jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ aláàárù ní ọ̀sẹ̀ kan náà, tí orúnkún mi sì ti ń ké kó-kó-kó nígbà tí tirẹ̀ ṣì le koko.

Ẹyin, kábéèjì, ìrẹsì, sílíńdà gáàsì, báàgì àwọn àlejò tí wọ́n wá gun òkè: gbogbo rẹ̀ ni Sualin ń kó sínú wakid, agbọ̀n ẹ̀yìn wa, tí yóò fi okùn rẹ̀ kọ́ iwájú orí, tí yóò sì máa gòkè lọ bí ẹni tí ń lọ sẹ́yìnkùlé. Kìlómítà mẹ́fà ni láti ẹnu ọ̀nà dé ilé ìsinmi tí àwọn àlejò ń sùn sí. Níbẹ̀ ni igi ti tán tí àpáta gbalaja ti bẹ̀rẹ̀. Bí àlejò bá sinmi tán, amọ̀nà á mú wọn gun àpáta náà lọ sí ṣóńṣó òkè. Sualin ní tirẹ̀ á sọ ẹrù kalẹ̀, á nu ojú, á padà sílé.

Fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò fi ẹsẹ̀ kan àpáta yẹn.

Àwọn àlejò a máa bi í. "Màmá, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti dé òkè pátápátá?"

"Ta ló fẹ́ ra ẹyin lọ́wọ́ mi níbẹ̀?" Bí Sualin ṣe máa ń dá wọn lóhùn nìyẹn. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á gbàgbé. Àwa tí a mọ̀ ọ́n kì í bá wọn rẹ́rìn-ín.

Limbuan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, amọ̀nà ni. Ní ọdún tí Sualin pé mọ́kàndínlógún, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó wá láti Ipoh, ìlú kan ní òdìkejì òkun, ọmọbìnrin Ṣáínà, yà kúrò lára àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí àpáta kí ó lè ya fọ́tò. Kùrukùru dé bá a. Bí kùrukùru bá bo ibẹ̀, ọwọ́ ara ẹni kì í ṣeé rí. Limbuan kó àwọn yòókù dé ibi ààbò, ó sì padà lọ wá a. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n rí ọmọbìnrin náà láàyè nínú pàlàpálá àpáta, kóòtù Limbuan lọ́rùn rẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí Limbuan fúnra rẹ̀ nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan. Ó ń lọ pe èèyàn ni ẹsẹ̀ fi yọ̀ ọ́.

Àwa Dusun, ẹ̀yà tiwa, gbà pé orí òkè náà ni àwọn òkú wa ń gbé. Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyá Sualin di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. "Ọ̀kan ti lọ bá wọn," ó ní. "Níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láyé, o ò gbọdọ̀ gun àpáta yẹn." Sualin búra fún un, ó sì pa ìbúra náà mọ́.

Ìyá náà kú lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ìbúra tán, ṣùgbọ́n Sualin kò gùn ún síbẹ̀. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ kan. "Ẹni tó so ẹ́ mọ́lẹ̀ ti lọ, o ṣì dúró sídìí èèkàn."

"Jiloi, fi mí sílẹ̀ jàre. Ewúrẹ́ tó bá ti pẹ́ nídìí èèkàn, ibẹ̀ nilé ẹ̀."

Lẹ́yìn ìkórè ọdún tó kọjá, ọkọ̀ kan dúró níwájú ilé rẹ̀. A jókòó síta, à ń fi ọ̀bẹ gé ewé kábéèjì tó ti bàjẹ́ kúrò. Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀, irun rẹ̀ kúrú, ó ti ń funfun, bàtà gígun òkè ẹsẹ̀ rẹ̀ tuntun débi pé ó ń dún.

"Ẹ jọ̀ọ́, mò ń wá ẹbí Limbuan tó jẹ́ amọ̀nà láyé ọjọ́un."

"Àwa rèé," Sualin dáhùn. "Ẹ̀yin ta ni?"

"Leong Yoke Peng lorúkọ mi. Tíṣà ni mí ní Ipoh, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì ni. Èmi ni wọ́n bá kóòtù ẹ̀ lọ́rùn mi."

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ Sualin. Ẹni tí kì í sọ "o" sí àlejò, ọmọdé ni tàbí àgbà, ló wo obìnrin náà láti òkè délẹ̀ tí ó ní, "Ìwọ."

"Èmi ni."

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n! O ò wá síbi ìsìnkú. O ò tiẹ̀ wá kí ìyá ẹ̀."

"Bàbá mi ló wá gbé mi ní ọsibítù, kò jẹ́ kí n padà síbí. Nígbà tó sì kú, ẹ̀rù bà mí. Mi ò ní í purọ́. Ṣùgbọ́n mo kọ lẹ́tà mẹ́ta."

"A rí wọn gbà," Sualin ní. "Màámi fi wọ́n dáná. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló fi ń dáná, kò kó wọn jó pọ̀."

Tíṣà Leong mi orí. "Ohun tó tọ́ sí wọn ló ṣe."

Ó ṣàlàyé pé òun ń wá aláàárù, pé òun fẹ́ dé pàlàpálá àpáta náà kí orúnkún òun tó kọ iṣẹ́ pátápátá, àti pé Limbuan sọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí òun fẹ́ fi jíṣẹ́ fún ẹni tí ó ni ín. Sualin dìde. "Aláàárù pọ̀ lábúlé yìí," ó ní, ó sì wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Èmi ni mo gba iṣẹ́ náà. Mo lọ bá Gunting, amọ̀nà àgbà tí ó wà lára àwọn tí wọ́n rí ọmọbìnrin náà nígbà yẹn, pé kó bá wa lọ.

Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà òkè láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Sualin ti jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú wakid rẹ̀.

"Ẹrù ni mo wá rù," ó sọ fún Tíṣà Leong. "Má bá mi sọ̀rọ̀."

A gun kìlómítà mẹ́rin láìfọhùn. Èmi tí mo máa ń sọ̀rọ̀ lójú oorun, ó fẹ́ pa mí. Nígbà tí a jókòó láti jẹ ìrẹsì tí a fi ewé dì, Sualin sọ wakid kalẹ̀ gbì.

"Jiloi, kí ló kó sínú báàgì yìí? Ṣé ó ń lọ pàtẹ lórí òkè ni?"

Tíṣà Leong ló tú báàgì náà fúnra rẹ̀. Ọsàn ni, ńláńlá, méjìlá, pẹ̀lú tùràrí. "Ti Limbuan ni," ó ní. "Bí a ṣe ń ṣe fún òkú tiwa nìyẹn. Ṣé… ṣé ó fẹ́ràn ọsàn?"

Sualin tẹjú mọ́ ọsàn náà. Ẹ̀rín já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. "Limbuan? Ó kórìíra ọsàn! Bó bá rí i lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, á sá lọ. Bambangan ló fẹ́ràn, máńgòrò kíkan wa yẹn. Òórùn ẹ̀ lásán lè lé ìwọ dé Ipoh."

"Mi ò mọ ohun tó fẹ́ràn," Tíṣà Leong sọ, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Èyí gan-an ló ń dùn mí láti ọjọ́ yìí. Mo wọ kóòtù ẹ̀, mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀."

Láti ibẹ̀ lọ, Sualin ń dúró dè é níbi tí àtẹ̀gùn bá ti ga.

A sùn ní ilé ìsinmi. Àwọn àlejò yòókù ti gbéra ṣáájú wa. Ní tiwa, ìgbà tí oòrùn là ni a tó jáde nítorí orúnkún tíṣà. Ojú ọjọ́ mọ́ kedere. Nígbà tí a dé ibi tí àpáta ti bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n na okùn fún àwọn tí ń gùn láti dìmú, Sualin dúró. Gunting wò mí, mo wo Gunting.

"Mo lè sọ ọ̀rọ̀ náà níbí," Tíṣà Leong ní. "Kò di dandan kí ẹ gùn ún."

"Ibi tó ti sọ ọ́ ni kó o ti sọ ọ́." Sualin sọ wakid kalẹ̀, ó kó ọsàn náà sínú aṣọ ìlékè rẹ̀, ó di okùn mú, ó sì gbé ẹsẹ̀ lé àpáta. Bàtà rọ́bà dúdú rẹ̀ kò yọ̀.

Gunting mú wa yà kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀. Pàlàpálá náà kò ju ibi tí èèyàn kan lè ká ẹsẹ̀ jókòó sí lọ. Tíṣà Leong fọwọ́ kan ara àpáta.

"Mò ń sunkún níbí," ó ní. "Ó ní kí n yé sunkún, pé òun ní àbúrò obìnrin kan nílé tó mọ ẹkún sun jù mí lọ. Ó ní ó sunkún ọjọ́ mẹ́ta gbáko nítorí adìyẹ tí wọ́n pa. Ó ní bí mo bá lè dákẹ́, òun á mú mi lọ bá a nílé, kí àwa méjèèjì jọ díje ẹkún, kí òun máa wòran."

"Adìyẹ mi!" Sualin ké. "Adìyẹ funfun mi! Òun ló pa á! Òun gan-an ló jẹ itan ẹ̀!" Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀, ó sì jókòó sórí àpáta.

"Ó sọ orúkọ yín fún mi. Sualin. Orúkọ náà kò kúrò lórí mi láti ọjọ́ náà."

Sualin béèrè pé, "Ṣé òtútù ń mú un?"

"Ó ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ó ní kóòtù náà ló ń gbóná jù, ni òun ṣe bọ́ ọ."

"Òpùrọ́," Sualin sọ jẹ́ẹ́. "Òpùrọ́ ẹ̀gbọ́n mi."

Wọ́n to ọsàn náà sínú pàlàpálá, wọ́n tan tùràrí, èéfín rẹ̀ sì bá afẹ́fẹ́ lọ. Orúnkún Tíṣà Leong ti wú bí àgbọn. "Ẹ máa lọ sókè," ó ní. "Èmi ti dé ibi tí mò ń lọ." Gunting dúró tì í. Sualin nu ojú, ó gbá mi léjìká. "Jiloi, dìde. Tàbí orúnkún tìẹ náà ti wú?"

Èmi àti rẹ̀ la dé ṣóńṣó òkè. Àwọn àlejò tí wọ́n pẹ́ lẹ́yìn bíi tiwa ṣì tò síbẹ̀, wọ́n ń ya fọ́tò. Ọkùnrin kan ti fóònù bọ Sualin lọ́wọ́. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yà á." Ó yà á, ìka rẹ̀ bo ìdajì. Lẹ́yìn náà ó wo ìsàlẹ̀, ó ń wá òrùlé wa láàárín oko kábéèjì.

"Ṣé gbogbo ẹ̀ náà nìyí?"

"Gbogbo ẹ̀ náà ni."

"Ó kéré," ó ní. Ó yíjú kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó ń ya fọ́tò, ó pe orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí ìgbà tí èèyàn ń pe ará ilé wá jẹun. Ó dúró díẹ̀. "Ó yá, òtútù ti pọ̀."

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ padà dé ibi tí wakid wà, orúnkún tíṣà kọ̀ pátápátá. Sualin tẹ́ aṣọ sínú wakid, ó ní kó jókòó síbẹ̀.

"Mo wúwo, ẹ jọ̀ọ́!"

"Sílíńdà gáàsì wúwo jù yín lọ, kì í sì bá mi jiyàn. Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n."

Mo gbọ́ ọ. Kò pè é ní "ìwọ" mọ́.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni Sualin lọ kọ orúkọ sílẹ̀ láti gba ìwé ẹ̀rí amọ̀nà. Àwọn kan lábúlé wa fi í rẹ́rìn-ín pé arúgbó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Ó kùnà nígbà àkọ́kọ́ nítorí Gẹ̀ẹ́sì. Tíṣà Leong ń kọ́ ọ lórí fóònù nírọ̀lẹ́-nírọ̀lẹ́, wọ́n a sì máa pariwo mọ́ra wọn títí aládùúgbò á fi bá wọn dá sí i. Ó yege nígbà kejì.

Lóṣù tó kọjá, ó kó àlejò mẹ́jọ dé etí àpáta, kùrukùru sì ń rọra gòkè bọ̀. Ó ní kí wọ́n padà. Ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé òun ti ọ̀nà jíjìn wá, òun ti sanwó, òun á máa lọ fúnra òun. Sualin jókòó sójú ọ̀nà gan-an, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ní kó gba orí òun kọjá. Ọkùnrin náà bínú títí dé ilé ìsinmi, ó bínú títí tó fi jẹun tán, ó sì wo ojú fèrèsé. Funfun báláú ni ìta, kò rí nǹkan kan. Ó gbé àga rẹ̀ súnmọ́ tòsí Sualin, ó béèrè bóyá ọ̀la á dára.

"Bóyá," Sualin ní. "Ẹ lọ sùn ná."