Fádà Tó Jókòó Ti Ìyá Mi

Òyìnbó àlùfáà kan wà nílùú wa láyé ìjọba òyìnbó, iṣẹ́ rẹ̀ ni kíkọ ìtàn àwọn ẹni mímọ́ ìjọ Àgùdà. Ìyá mi mọ̀ ọ́n nígbà tó wà lọ́mọdé. Ilé òkú ló máa ń lọ, á jókòó, á máa bi àwọn ará ilé léèrè títí ìgbé ayé olóògbé á fi pé nínú ìwé rẹ̀. Kì í kọ ìtàn alààyè. Kí wọ́n tó bí mi ni wọ́n ti sin òun gan-an.

Ìdí nìyí tí ara mi fi bù máṣọ, nílé mi ní Randburg, ní South Africa níbí, lọ́sàn-án gangan, tí ìyá mi ní kí n gbé àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì fún Fádà.

Àìsàn ìyá mi ti wọra, Dókítà sì ti ní kí n máa tọ́jú rẹ̀ nílé. Mo kọ́kọ́ rò pé oògùn ló ń yí i lórí. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ń dáhùn ìbéèrè tí èmi ò gbọ́: ọdún tó ṣèrìbọmi, orúkọ ìyá ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin mo fọwọ́ kan ìjókòó àga náà. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Èmi kì í ṣe ojo o, àmọ́ kíṣìnnì ni mo bá ara mi.

Nígbà tó yá, inú bí mi. Ta ló ránṣẹ́ pè é? Ìyá mélòó ni mo ní? Tó bá jẹ́ ẹni mímọ́ ló ń wá, màá bà á jẹ́ fún un. Mo dúró níwájú àga òfìfo, mo ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ìyá mi: ọdún méje ni kò fi kí ìyá ọkọ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ, èmi náà sì jogún rẹ̀. Ìyá mi ń rẹ́rìn-ín. Mo wá sọ èyí tí a kì í sọ nílé wa, pé lọ́jọ́ tí àbúrò mi kú, ó ju rósárì rẹ̀ sí ṣáláńgá, ó ní kí Ọlọ́run má dé ọ̀dọ̀ òun mọ́.

Ẹ̀rín rẹ̀ dá. Ó tẹjú mọ́ àga náà, ó ń ṣe hẹn-ẹ̀n, hẹn-ẹ̀n.

“Kí ló wí, Màámi?”

“Ó ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Ibẹ̀ nìkan ló kù.”

Mo kúnlẹ̀ fún àga. Mo ní irọ́ ni mo pa, Fádà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á rẹ́. Nígbà tí mo fi máa yíjú padà, ẹ̀mí ti bọ́ lára ìyá mi.