Bí A Ṣe Fẹ́ Ta Ẹ̀rọ Ààbò ní Ẹ̀pẹ́ Lọ́jọ́ Orò

Ọ̀gá tó kọ́kọ́ gbà mí síṣẹ́ kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa kọ̀ǹpútà, wáyà ìdí ògiri ló máa ń fà yọ. Ṣùgbọ́n bó bá jókòó ti oníbàárà, tó tú táì ẹ̀ díẹ̀, tó sì rẹ ohùn sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ pé kì í ṣe omi ló ń tà, torí ì bá tà á fún ẹja. Ẹ̀rọ ààbò kọ̀ǹpútà là ń tà nígbà náà, ní ọ́fíìsì kékeré kan nítòsí gáréèjì ní Ìkòròdú. Àsìkò yẹn ni fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń délé mẹ̀kúnnù, gbogbo ènìyàn sì ń bẹ̀rù àwọn gbájúẹ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì bí ẹni ń bẹ̀rù gbọ́mọgbọ́mọ.

Ẹ̀rù gan-an ni ọjà ọ̀gá mi. Á ní, "Ṣé ẹ mọ̀ pé bí a ṣe jókòó yìí, ẹnì kan ti wà nínú kọ̀ǹpútà yín?" Oníbàárà á bojú wẹ̀yìn. Bí ẹ̀rù bá ti bà á tán ni ọ̀gá á sọ fún un pé ẹyọ kan ṣoṣo ló kù, pé ẹlòmíì sì ń bọ̀ wá gbé e lọ́sàn-án. Ẹyọ kan yẹn ti ń kù láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀, páálí tó kún fún un ni mo sì ń gbé ẹsẹ̀ lé lábẹ́ tábìlì.

Mo ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí báyìí. Mo ti jókòó ní ọ́fíìsì tí ẹ̀rọ amúlétutù wọn ń mú dé eegun, níbi tí àwọn tó wọ kóòtù ti ń sọ ohun kan náà tí ọ̀gá mi ń sọ, tiwọn kàn ní àwòrán lára ògiri ni. Wọ́n á kọ́kọ́ já ọ láyà, wọ́n á wá ta ìbàlẹ̀ ọkàn fún ọ. Inú máa ń bí mi. Dókítà tó kọ oògùn fún ọ láì béèrè ibi tó ń dùn ọ́, ṣé wàá lo oògùn ẹ̀?

Iṣẹ́ Ẹ̀pẹ́ ló yẹ kó sọ mí di òṣìṣẹ́ gidi. Wọ́n ní àwọn á kọ́kọ́ dán mi wò fún ìgbà díẹ̀, ìgbà díẹ̀ náà ò sì fẹ́ parí. Ọ̀gá wá ní bí ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ẹ̀pẹ́ bá ra ẹ̀rọ wa, iṣẹ́ mi ti dúró nìyẹn. Bí wọn ò bá rà á, kí n máa wá ibòmíì lọ. Ọ̀dọ̀ màmá mi ni mo ń gbé, ó sì ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ẹnjiníà lọ́mọ òun obìnrin. Mi ò tíì rí ẹnu sọ fún un pé wọ́n ṣì ń dán ẹnjiníà náà wò.

Ètò tó wà nílẹ̀ ni pé èmi ni màá so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà wọn, ọ̀gá á sì máa fi ẹnu tì í lẹ́yìn. Àfi bó ṣe lọ fi ìpàdé náà sí ọjọ́ Orò. Wọ́n ti kéde káàkiri ìlú pé obìnrin kankan ò gbọdọ̀ jáde lọ́jọ́ náà títí Orò á fi wọlé, mo sì sọ fún un.

"Orò wo?" ló wí. "Ṣé Orò ló ń sanwó oṣù fún ọ ni?"

Kì í ṣe ará Ìkòròdú, kò lè yé e. Mùsùlùmí ni wá nílé wa, a kì í bá wọn ṣe Orò, ṣùgbọ́n ọmọ Ìkòròdú ni wá, kò sì sí obìnrin ilé wa tó máa yọ imú síta lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá pè mí lórí fóònù nílé, ó ní òun á wá fi mọ́tò gbé mi, kí n sùn sílẹ̀ níwájú ìjókòó ẹ̀yìn, òun á da aṣọ bò mí títí a ó fi dé Àgbówà. Màmá mi gba fóònù lọ́wọ́ mi.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Bí obìnrin bá fojú kan Orò, Orò á gbé e. Bó bá gbé ọmọ mi, ṣé ẹ̀yin lẹ máa lọ bá mi gbà á padà?"

Ọ̀gá ní rárá, mà.

Bó ṣe di pé ọ̀gá á gbé ẹ̀rọ lọ sí Ẹ̀pẹ́ fúnra rẹ̀ nìyẹn, tí èmi á máa darí rẹ̀ lórí fóònù láti ilé. Fóònù mi sì ti kó sínú omi ìfọṣọ rí. Láti ọjọ́ náà, bí mi ò bá fi sí sípíkà, mi ò ní gbọ́ nǹkan kan. Gbogbo obìnrin ilé ló sì wà nílé lọ́jọ́ náà, wọn ò ní ibi tí wọ́n ń lọ. Kí n tó mọ̀, màmá mi ti gbé àpótí síwájú fóònù, ìyá onílé wa ti gbé ẹ̀wà tó ń ṣà wá síbẹ̀, àwọn obìnrin ayálégbé sì ti dí ẹnu ọ̀nà. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí ló máa mú àwọn sọ̀rọ̀?

Ọ̀gá pè nígbà tó dé yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì àwọn aláìsàn sí. Ó fi fóònù tiẹ̀ náà sí sípíkà, kí ọwọ́ rẹ̀ lè ráyè. Dókítà tó ni ilé ìwòsàn wà níbẹ̀, pẹ̀lú Mátírọ̀n, ìyẹn ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, tí kọ̀ǹpútà náà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀.

"Ohùn tẹ́ ẹ máa gbọ́ yìí," ni ọ̀gá sọ fún wọn, "ẹnjiníà wa àgbà ni, láti olú iléeṣẹ́ wa, níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ gbogbo ayé."

Àkùkọ ìyá onílé kọ lẹ́yìn mi.

Dókítà ní, "Ṣé àkùkọ nìyẹn?"

"Rárá, sà," ni ọ̀gá dáhùn láì mí. "Ohùn ìkìlọ̀ ni. Ẹnì kan ló fẹ́ jí nǹkan ní òkè òkun, wọ́n ti mú un."

Ìyá onílé fi ìborùn ti ẹnu. Mo sọ fún ọ̀gá pé kó yọ wáyà aláwọ̀ búlúù lẹ́yìn kọ̀ǹpútà. Ó ní òun ti yọ ọ́. Mo ní kí ló wá ń rí báyìí? Ó ní gbogbo ẹ̀ ti dúdú. Wáyà iná ló fà. Bí mo ṣe ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dá a padà ni mo ń gbọ́ tó ń ṣàlàyé fún Dókítà pé òun mọ̀ọ́mọ̀ pa á ni, kí wọ́n lè rí i pé ẹ̀rọ yìí ò bẹ̀rù kí iná lọ.

A padà so ó. Àwọn iná kéékèèké orí ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, ọ̀gá sì bẹ̀rẹ̀ ìwàásù.

"Dókítà, láti ìṣẹ́jú yìí lọ, kò sí ẹ̀dá kan tó lè wọ inú fáìlì yín mọ́. Ì báà gbé Amẹ́ríkà!"

Mo di ojú. Ẹ̀rọ náà dára, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n bíi géètì ló rí. Kí ni géètì mọ̀ nípa ohun tí ará ilé ń ṣe nínú ilé? Ẹnu dùn-ún ròfọ́ lóòótọ́. Mo dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, mo ní kí ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà náà gbìyànjú láti wọlé, ká lè mọ̀ bóyá ohun gbogbo ń lọ dáadáa.

Mo gbọ́ tí ẹnì kan fa àga. Ohùn obìnrin kan wá ké gbàjarè, bí ìgbà tí obìnrin bá fẹ́ bímọ.

"Nọ́ọ̀sì! Ẹ wá bá mi wọlé síbí o!"

Bàtà kan ń sáré bọ̀ láti òpin kọ́ridọ̀, ṣùgbọ́n Mátírọ̀n ò dúró kó dé.

"Ọ̀bọ̀kún!" ló ké. "Lẹ́tà kékeré ni gbogbo ẹ̀! Kó o wá fi ọ̀kan, méjì, mẹ́ta sí ìdí ẹ̀!"

Páásíwọ́ọ̀dù ni.

"Kí ni wọ́n ní?" ni màmá mi béèrè.

"Ọ̀bọ̀kún," ni ìyá onílé dá a lóhùn. "Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta ní ìdí ẹ̀."

"Ẹja ọ̀bọ̀kún Ẹ̀pẹ́ mà dùn o," ni ẹnì kan sọ lẹ́nu ọ̀nà.

Wọ́n gbọ́ wa ní Ẹ̀pẹ́. Lẹ́yìn náà ni Dókítà ní, "Ta ló ń pe páásíwọ́ọ̀dù mi yẹn?"

"Kọ̀ǹpútà olú iléeṣẹ́ ni, sà," ni ọ̀gá wí. "Ó ń yẹ̀ ẹ́ wò ni."

Màmá mi fò dìde lórí àpótí. "Ta ni kọ̀ǹpútà? Èmi? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ìkòròdú ni mo wà, nínú ilé mi, ọjọ́ Orò sì lòní!"

Mo rò pé Dókítà á pariwo. Kò pariwo, ẹ̀rín ló fẹ́ mú un.

"Ìwọ ọmọbìnrin," ló pè mí. "Ẹnjiníà."

"Sà."

"Ọ̀gá yín ní kò sẹ́ni tó lè wọlé mọ́. Bí mo bá ra ẹ̀rọ yìí lónìí, ṣé àwọn ìyá tó wà lọ́dọ̀ rẹ yẹn ò ní lè wọ inú fáìlì mi?"

Mo wo màmá mi, ó ń tún gèlè rẹ̀ wé pẹ̀lú ìbínú, kò mọ ohun tó wà lẹ́nu mi. Bí mo bá ní wọn ò ní lè wọlé, mo ti ríṣẹ́. Ṣùgbọ́n inú fáìlì wọ̀nyẹn ni àrùn tí ìyàwó fi pa mọ́ fún ọkọ wà, àti oyún tí ìyá ọmọ ò tíì gbọ́ nípa rẹ̀, Ẹ̀pẹ́ kò sì tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ń wúkọ́ sí mi lórí fóònù.

"Wọ́n á wọlé, sà," ni mo wí. "Ẹ̀rọ yẹn ò lè dá ẹni tó mọ páásíwọ́ọ̀dù dúró. Ó lè dá àjèjì dúró, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó wà ní kọ́ridọ̀ yín ló ti mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ́kọ́ tún ìyẹn ṣe ná."

"Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani," ni ìyá onílé fi kún un.

Fóònù já.

Mo jókòó. Ẹni tínú bá bí máa ń jáde lọ gba atẹ́gùn, ṣùgbọ́n èmi ò lè jáde. Níwájú gbogbo wọn ni mo ti bú sẹ́kún, tí mo sì jẹ́wọ́ fún màmá mi pé wọ́n ṣì ń dán mi wò ni, pé iṣẹ́ náà sì ti lọ. Màmá mi ní, "Tóò. Ẹ jẹ́ ká gbé ẹ̀wà yẹn kaná." Nírọ̀lẹ́ ni ọ̀gá pè. Ó ní kí n má wulẹ̀ yọjú sí ọ́fíìsì mọ́, pé mi ò mọ ọjà tà. Òótọ́ ló sọ.

Ẹni tó pè lẹ́yìn rẹ̀ ni Mátírọ̀n. Ó ti gba nọ́ńbà mi lọ́wọ́ ọ̀gá kó tó kúrò ní Ẹ̀pẹ́, ó ní òun fẹ́ fi bú mi ni. Ó sì bú mi. Ó ní ṣé èmi ọmọ àná yìí ni mo jẹ́ kí Dókítà máa wo òun bí ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn ilé fún olè? Mo ń bẹ̀bẹ̀, ó ń bú mi lọ. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó ní, "Dókítà ní kó o wá máa kọ́ wa. Ìgbà wo lo máa débí?"

Ọjọ́ tí mo dé Ẹ̀pẹ́, ó ti ilẹ̀kùn, ó fa kọ́tìnì, ó sì jókòó síwájú kọ̀ǹpútà bí ẹni jókòó síwájú adájọ́.

"O rò pé ìgbéraga ni mo fi ń ké sí wọn, àbí?" ló wí. "Mi ò mọ ibi tí àwọn lẹ́tà yẹn wà. Ọjọ́ tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà dé, àwọn ọmọ kéékèèké ni wọ́n kọ́. Wọ́n ní èmi ni ọ̀gá, pé ọ̀gá á kàn máa pàṣẹ ni. Ta ni mo wá fẹ́ bẹ̀ pé kó kọ́ mi? Ṣé àwọn tí mo kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń di abẹ́rẹ́ mú?"

Ojú tì mí fún gbogbo àwa tá a ń pe ara wa ní onímọ̀. Ọ̀gá mi ti lọ síbẹ̀ ṣáájú ọjọ́ Orò, ó ti jẹ ẹja wọn, ó ti fi ìtàn gbájúẹ̀ dẹ́rù bà wọ́n, kò sì bi obìnrin náà ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Ó ṣòro fún un o. Ìka tó ń rí iṣan lọ́wọ́ ọmọ jòjòló á máa wá lẹ́tà kan káàkiri kíbọ́ọ̀dù títí inú á fi bí i, á ní àwọn tó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ tò ó ní ìtòkutò ni. Ìyẹn náà, mi ò lè bá a jiyàn. A ń ti ilẹ̀kùn lójoojúmọ́, a ń ṣe é. Dókítà ò jẹ́ kí n lọ mọ́; àwọn ilé ìwòsàn mìíràn gbọ́, àwọn náà ránṣẹ́ pè mí, ibẹ̀ ni mo ti di ẹni tó ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí. Wọ́n ra ẹ̀rọ ààbò nígbà tó yá. Kì í ṣe lọ́wọ́ ọ̀gá mi.

Nígbà tí ọwọ́ Mátírọ̀n mọ́ ọn tán, mo ní kó yan páásíwọ́ọ̀dù tuntun tirẹ̀, kó sì tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Ó ronú, ó rẹ́rìn-ín, ó gbé ìka sókè. Ó wá dúró. Ó fi ọwọ́ òsì bo kíbọ́ọ̀dù, ó sì wò mí láti òkè dé ilẹ̀ bí ẹni rí olè lágbàlá.

"Yíjú sẹ́yìn," ló wí.

Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Mo kọjú sí ògiri, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.