Ṣọ́ọ̀ṣì Ẹgbẹ̀rin Ọdún Bàbá Àrẹ̀mú

Kò sí ọmọ Yorùbá ní Houston ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 tí kò gbọ́ nípa ọjọ́ Ìsinmi tí olóògbé Bàbá Àrẹ̀mú yí gbogbo àga ìjọ Aládùúrà wọn kọjú sí ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfọṣọ ni wọ́n háyà fún ìsìn. Wòlíì Ọlọ́runyọmí, olórí ìjọ, wọlé, ó yanu.

"Bàbá, tọ́ílẹ́ẹ̀tì lẹ ní ká máa forí balẹ̀ fún?"

"Ṣé Aládùúrà kì í kọjú sí ìlà oòrùn ni? Ta ló ní kí lándílọ́ọ̀dù kọ́ tọ́ílẹ́ẹ̀tì síbẹ̀?"

Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá fẹ́ tọ̀ ní láti kọ́kọ́ kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ tí wọ́n gbé síwájú ilẹ̀kùn náà.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Bàbá ti kó irú èrò yìí wá. Nígbà tó ń kàwé níbẹ̀, òun ló ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì abúlé kan tó ti tó ẹgbẹ̀rin ọdún. Ògiri rẹ̀ nípọn débi pé èèyàn lè sùn lójú fèrèsé. Òrùlé rẹ̀ dà bí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n dojú ẹ̀ dé. Ṣùgbọ́n ìlà kan lára ilé agogo rẹ̀ ló máa ń sọ jù. Àjàkálẹ̀ àrùn pa àwọn tó ń kọ́ ọ, iṣẹ́ dúró. Nígbà tó pẹ́, àwọn mìíràn fi òkúta aláwọ̀ mìíràn bá a lọ láti ibẹ̀; ibi tí iṣẹ́ ti dúró ló di ìlà náà. Ohun kan ṣoṣo tí Bàbá ń fẹ́ kó tó kú ni kí ìjọ fi ìpìlẹ̀ irú ṣọ́ọ̀ṣì náà lélẹ̀ ní Richmond, ìlú kékeré kan nítòsí Houston.

"Ọdún mélòó la máa fi kọ́ ọ, Bàbá?" Sístà Mojọlá bi í.

"Ó lè má ju igba lọ."

"Ta ló wá máa jókòó níbẹ̀?"

"Ìyẹn ò kàn ẹ́. Ìpìlẹ̀ ni tìẹ."

Ní 1986, ọjà epo rọ̀bì tí Houston fi ń jẹun dẹnu kọlẹ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ọ̀sẹ̀ kan kì í lọ kí ẹbí kan má kó lọ sí Atlanta, tàbí kí wọ́n padà sílé pátápátá. Bí wọ́n ṣe ń dín kù ni Bàbá ń fi fèrèsé kún àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì Richmond tó ń yà.

"Bàbá, àwa mẹ́sàn-án la kù!" Wòlíì fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. A ò ní fún mọ́ ara wa níbẹ̀."

Bàbá kú ní 1988. Òkúta kan ò kanlẹ̀ ní Richmond, ó sì dun gbogbo wọn wọra. Nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́ta, ìjọ náà ti fẹ́ dá kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù padà fún lándílọ́ọ̀dù. Wòlíì ní kí wọ́n yí àga bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó dìde.

Sístà Mojọlá mú ṣọ́ọ̀kì, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ó fa ìlà kan sára ògiri. Kò fi ìka kan ga ju ilẹ̀ lọ.

"Kí nìyẹn?"

"Ibi tá a kọ́ ọ dé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Wòlíì fi ń fi etí sùtánà nujú. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn kọjú sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbàdúrà ìkẹyìn fún Bàbá.