Àwọn Adìyẹ Tó Ń Bá Magdalene Roko

Ẹ jẹ́ kí n bínú díẹ̀; ara mi ni mo ń bínú sí.

Magdalene, aládùúgbò mi ní Odigbó, kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí alùpùpù ti gbé e ṣubú lọ́nà Aráròmí-Obù. Ẹsẹ̀ ọ̀tún gan pátápátá. Síbẹ̀, ta ni ọgbà ẹ̀fọ́ rẹ̀ dára tó tirẹ̀? Adìyẹ mẹ́fà ló ń bá a ro ó. Bó bá ti ká ẹ̀fọ́ ojú ebè kan tán, á fi ọparun sọgbà yí i ká, á da adìyẹ sí i. Wọ́n á tú koríko, wọ́n á ṣa kòkòrò jẹ, wọ́n á yàgbẹ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó kàn máa fọ́n irúgbìn ni. Lọ́dún tí àwọn sójà gbàjọba yẹn, tí ajílẹ̀ òyìnbó di àwátì, tí a ń tò nítorí ṣúgà, ẹ̀fọ́ yẹn ló ń bọ́ ọ.

Pamílẹ́rìn, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wà l'Ékòó. Wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, a ò sì gbúròó rẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ. Magdalene wá bá mi ní ilé àdúrà wa. Èmi ni akọ̀wé ìjọ. Èmi ni mo ń kọ ẹ̀jẹ́ sínú ìwé, èmi náà ni mo ń kà á sétí ìjọ lọ́jọ́ ìdúpẹ́. Ó ní bí ọmọ òun bá wálé láàyè, gbogbo adìyẹ òun di ti Ọlọ́run. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ wálé lóòótọ́, egungun lásán, ikọ́ kò jẹ́ kó lè gbé ọkọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Magdalene wọ́sẹ̀ wá sílé mi. Ó ní àwọn adìyẹ yẹn ni ọwọ́ òun, ẹnu sì ti di méjì nílé. "Ìyá Akọ̀wé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ ní méjì péré. Ẹ̀yin nìkan lẹ ń ṣí ìwé yẹn."

Òótọ́ ló sọ. Ǹ bá ti pa á rẹ́, kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí, mo sì sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ: "Ọmọ tí Ọlọ́run dá padà fún ọ, ṣé o fẹ́ kó tún gbà á ni?"

Ó yí padà, ó wọ́sẹ̀ lọ sílé.

Wọ́n pa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fún ọbẹ̀ ìdúpẹ́. Wọ́n bu itan fún akọ̀wé. Mo jẹ ẹ́, kí n má purọ́, ó dùn.

Nígbà tí òjò dé, koríko bo ebè. Láti ojú fèrèsé mi ni mo ti ń rí Magdalene lójoojúmọ́, tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó ń fìdí wọ́, tó ń fi ọ̀bẹ gé koríko. Nígbà tí n kò lè wò ó mọ́, mo gbé àgbébọ̀ méjì lọ fún un.

Kò gbà wọ́n. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Gbogbo lẹ kọ, Ìyá Akọ̀wé. Bí wọ́n bá wọlé mi, ti Ọlọ́run ni wọ́n."